Ẹja Tí Kò Lata

Ariwo ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ilé bàbá mi. Níbi tí mo ti ń bọ̀, létí òkun ní Kent nílùú òyìnbó, aago ara ògiri nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ní North Peckham, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni páìpù omi gbígbóná yóò ti máa kùn nínú ògiri bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Bàbá mi yóò máa fi omi yọ ẹnu ní balùwẹ̀, tó ń ṣe àlùwàlá. Màmá mi yóò máa wọ́ sálúbàtà káàkiri ìdáná. Ìlẹ̀kùn àwọn ará òkè yóò gbá gbàà, ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ fọ ọ́fíìsì yóò sì máa dún kò, kò, kò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó gba iwájú gbogbo ilé wa kọjá lókè níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni agbo ilé wa. Orí rẹ̀ la ti ń kíra, orí rẹ̀ la ti ń jà, orí rẹ̀ la ti ń sá aṣọ. Wọ́n ti wó gbogbo rẹ̀ báyìí. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá tí mo bá ń lọ ra iṣu ní Rye Lane. Ilé kúkúrú ni wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀, àwọn tó ń gbé inú wọn kò sì lè mọ̀ pé obìnrin kan ti jókòó rí nínú òtútù lókè orí wọn, tó kọ ẹ̀yìn sí ológbò, tó ń dúró dè é.

Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Oṣù mẹ́rin péré ni mo lò láyé tí àwọn òbí mi fi gbé mi fún obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dórà pé kó bá wọn tọ́ mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lọ́sàn-án, ó ń lọ kàwé lálẹ́. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó wá kàwé nígbà náà ló ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò sì kà á sí ìwà ìkà. Nílé, ta ni kò gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí fún ìyá àgbà tọ́ rí? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìdíkátù, ọ̀dọ̀ ìyá màmá mi ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n fi òun sí. Nígbà tó dé Peckham, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ń ki oríkì bàbá rẹ̀ bí ẹni mu omi. Wọ́n rò pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ tèmi yóò rí. Àwọn èèyàn wa nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ láti kékeré pé gbogbo agbo ilé ló ni ọmọ, kò ní rò ó láé pé ọmọ lè wọ ilé kan kó má mọ ọ̀nà àbọ̀ mọ́. Nígbà tí káńsù fún wọn nílé, wọ́n wá mú mi. Míkì ni mò ń jẹ́, nítorí Múfútáù wúwo jù lẹ́nu Dórà. Mi ò gbọ́ Yorùbá. Orúkọ tí àwọn ọmọ òyìnbó ń pe ìyá wọn, Dórà ni mò ń fi pè. Màmá mi gan-an, mi ò pè é ní nǹkan kan. Tí mo bá ń fẹ́ nǹkan, ńṣe ni mo máa ń lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi wò mí.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ìdáná wa, kò sí ohun tó ń jáde nínú ìkòkò kí ata tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo fi ọbẹ̀ kan ẹnu, mo figbe ta, mo sì sáré lọ gbé ẹnu sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ búrẹ́dì àti ṣúgà. Bàbá mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ebi ni yóò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo rí màmá mi tó yọ ẹja kan sọ́tọ̀ kó tó da ata sínú ìkòkò, ó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà díẹ̀ sè é nínú páànù kékeré kan, ó gbé e síwájú mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Sìdí ni kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. "Òyìnbó dúdú," ni yóò máa wí lójoojúmọ́, "wá jẹ ẹja aláìsàn rẹ." Mi ò mọ ìtumọ̀ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí kì í dá èébú mọ̀, èdè yòówù kí wọ́n fi bú u.

Níparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí a ń da ìdọ̀tí sí, irin oníhò kan wà lára ògiri tí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí ológbò náà. Àwọ̀ eérú ni, etí rẹ̀ òsì ti ya, èèyàn sì lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè. Bó ṣe rí mi ló fò sí orí àtẹ̀gùn, ó sá lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo fi ìwé wé ìdajì ẹja mi, mo gbé e sílẹ̀ níwájú irin náà, mo lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí mo dé, ìwé nìkan ló kù. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní nínú ilé náà tí kì í ṣe ẹlòmíràn ló fún mi. Àmọ́ ẹni tó ń fọ aṣọ ọsibítù kì í ti aṣọ bọ omi láìwo àpò rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, màmá mi ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù mi, ó fa egungun ẹja yọ.

"Ó ń jalè!" Sìdí ti fò dìde. "Màámi, mo sọ fún yín! Ó ń jí ẹja pa mọ́!"

"Ẹja ta ló jí? Ẹja rẹ̀ ni."

Ó yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ta ni mò ń gbé e lọ fún. Mo mú un lọ síbẹ̀. Ó dúró lókèèrè, ó ká ọwọ́ méjèèjì wọ inú kádígàànì rẹ̀, ó sì wo ológbò náà bí ẹni tó ń wo aṣọ tó ṣeé ṣe kó rà. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé àlàfo wà láàárín eyín rẹ̀ bíi tèmi. Ó sọ fún mi pé ilé aláṣọ òfì ni wọ́n bí òun sí, pé eku fẹ́ràn òwú tí wọ́n ti rẹ sínú ògì kó lè le, nítorí náà kò sí ilé aláṣọ kan tí kò ní ológbò. Wọn kò ra ọ̀kankan nínú wọn, kò sì sí èyí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé.

Ìyá Bọ́lá tí ilé rẹ̀ kan tiwa ló kọ́kọ́ ta kò wá. Ó jáde wá kó aṣọ lọ́jọ́ kan, ó bá àwo ẹja nílẹ̀.

"Ìyá Sìdí, kí lẹ̀ ń bọ́ níbí yìí? Ológbò? Ológbò tí ẹ ò mọ ẹni tó rán an wá?"

"Ebi ló rán an."

"Ẹ máa fi ṣeré. Nílùú tiwa, wọn kì í pe irú nǹkan báyìí wọlé."

"Ìyá Bọ́lá, àjẹ́ tó bá ń sun ẹ̀gbẹ́ ihò ìdọ̀tí nínú òtútù yìí, ẹ jọ̀ọ́, agbára wo ló tún kù lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìyá Bọ́lá kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Síbẹ̀ ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, a sì gbọ́ bó ṣe fi kọ́kọ́rọ́ tì í lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá mi máa ń jáde nílé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, á sì dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èmi àti Sìdí ń ti ilé-ìwé bọ̀. Kó tó bọ́ kóòtù, ẹja á ti wà lórí iná. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ àwo, kí n sì gbé àpótí ìjókòó jáde. Á ró ìró lé kóòtù, á fi gèlè wé etí, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, á wá kọ ẹ̀yìn sí ológbò náà pátápátá. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Ní tèmi, mo ti máa ń rìn tọ̀ ọ́, màá na ọwọ́, òun náà á sì sá. "Ẹni tó ń lé nǹkan," ni màmá mi wí, "ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ló ń rí." Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n jókòó ti òun, kí n máa wo àwọn ọkọ̀ nísàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ irin oníhò ni àwo wà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó sún un ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó dé iwájú ilé Ìyá Bọ́lá, ìyẹn pariwo, a sì sáré sún un kọjá. Màmá mi wá páálí mílíìkì kan, ó tẹ́ súwẹ́tà bàbá mi àtijọ́ sínú rẹ̀, ó fi ọ̀rá bo òkè rẹ̀ nítorí òjò. Ó sọ ológbò náà ní Àlejò. Bí a bá sì ti jókòó, á máa bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá láìwẹ̀yìn wò. "Jẹun. Rọra jẹ ẹ́. Ta ló ń lé ọ? Kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Òtútù mú lónìí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìwọ nìkan lo rìn wá síbí? Ó dáa náà. Máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀." Mi ò tètè fura pé etí mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀. Báyìí ni mo ṣe kọ́ èdè yìí, èdè tí mò ń fi kọ̀wé yìí: wọn kò fi kọ́ mi, ológbò ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Rísì, ìyàwó mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò gbà rárá pé ológbò Peckham lè gbọ́ Yorùbá. Ó ní èmi ni mo gbọ́, pé òórùn ẹja nìkan ni ológbò gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la fi jiyàn lé e lórí. Láti ìgbà tí ewé igi já bọ́ lọ́dún tó kọjá, èmi nìkan ni ìjiyàn náà kù sí lọ́wọ́. Mo ti gbà fún un.

Láàárín ìgbà yẹn ni bàbá mi mú Alhaji kan wá sílé, àgbàlagbà tí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kírun Jímọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Sìdí kúnlẹ̀. Ó kàn mí. Mo rìn síwájú, mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí bàbá náà, mo sì wò ó lójú, bí Dórà ṣe kọ́ mi pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé máa ń ṣe. Ojú bàbá mi yí padà. "Dọ̀bálẹ̀," ló wí. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Dọ̀bálẹ̀ kí Alhaji!" Ó di mí lọ́rùn mú, ó ń tẹ̀ mí sílẹ̀, èmi sì rò pé wọ́n fẹ́ nà mí ni. Mo gé e ní ọwọ́ jẹ, mo sá jáde.

"Làsísì," mo gbọ́ tí Alhaji ń wí fún bàbá mi lẹ́yìn mi, "fi ọmọ sílẹ̀, jàre. Ọwọ́ ló fi kí mi, mo sì ti gbà á."

Mo sá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin oníhò náà. Àlejò wà níbẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wò mí, kò sì sá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá mi bá màmá mi sọ̀rọ̀ nínú ìdáná. Sìdí fi etí sí ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, kò sì sí èébú nínú ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wa ti sọ pé òun ò lè máa wo ọmọ òun kó máa gbé nínú ilé òun bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Òun yóò kọ̀wé sí Dórà kó wá mú mi padà. Màmá wa ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun di ìgbà tí òtútù bá tán, di ọjọ́ tí àwọn òyìnbó máa ń sún aago síwájú ní oṣù Kẹta. Tí mo bá ṣì jẹ́ àjèjì nínú ilé lọ́jọ́ náà, kó máa mú mi lọ. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́. Mo lọ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo ń ka ọ̀sẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé kí ni obìnrin tó béèrè fún ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ń rò nígbà tí òun náà ń kà wọ́n.

Yìnyín bọ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó bo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, páálí Àlejò sì rì sínú rẹ̀ dé ìdajì. Bàbá mi kì í ṣe ẹni ibi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ológbò tó ń gbọ̀n, àánú ṣe é. Ó mú búláńkẹ́ẹ̀tì, ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, ó dà á bò ó, ó gbá a mọ́ra pé kí òun gbé e wọlé. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ológbò náà ya ọwọ́ rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, kò sì padà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èmi tí mi ò tíì sunkún nínú ilé náà láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Màmá mi mú bàbá mi jókòó nínú ìdáná, ó ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ọgbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Sìdí, ẹ̀ẹ̀mejì nìyí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ fi tipátipá mú ohun tí ẹ fẹ́ràn. Àkọ́kọ́ gé yín jẹ, èkejì ya yín lára. Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Bàbá mi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bó ṣe dé láti ibi iṣẹ́, kò jókòó jẹun. Ó dé fìlà, ó mú àwo ẹja tí kò lata, ó fi orí pè mí. A sọ̀kalẹ̀ lọ sí àárín àwọn ilé ìgbọ́kọ̀sí, èmi àti òun, nínú yìnyín, òun pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó ń tẹríba wo abẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Àlejò o! Ẹ máa bọ̀ o! Ẹ má bínú!" Sìdí tó ń wò wá láti òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Bàámi! Ológbò lẹ̀ ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?" Bàbá mi kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ló dá a lóhùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi lọ. Ọ̀nà náà yọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo di etí kóòtù rẹ̀ mú kí n má baà ṣubú, kò sì di ọwọ́ mi mú padà. Ó kàn ń rìn jẹ́jẹ́ kí n lè máa bá a lọ. Mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti pàdé àwọn ọ̀mọ̀wé lóríṣiríṣi. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ àṣìṣe níwájú ọmọ kéékèèké kò pọ̀ nínú wọn. Bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe, táì lọ́rùn, lórí eékún, nínú yìnyín.

Ọjọ́ kẹwàá jẹ́ Sátidé. Omi ti dì nínú ẹ̀rọ, nítorí náà màmá mi yọ́ yìnyín nínú ìkòkò, ó dà á sínú abọ́ fún bàbá mi kó fi ṣe àlùwàlá. Ìlẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ díẹ̀, nítorí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìta ni. Bàbá mi ti ká apá aṣọ sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí Àlejò wọlé. Ó ti rù sí i. Ó gba àárín wa kọjá bí ẹni tí a fìwé pè, ó lọ sí ìdí abọ́, ó sì ki ẹnu bọ omi.

"Bàámi, ó ti ba omi yín jẹ́!" ni Sìdí wí.

"Dákẹ́." Bàbá mi ò mira. "Kò bà á jẹ́. Ẹnu ológbò kì í ba omi àlùwàlá jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéwú."

Ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, àpá èékánná wà lápá rẹ̀, ó ń dúró kí ológbò mu omi tán. Ìgbà tí ìyẹn gbé orí sókè ló tó ki ọwọ́ bọ ìyókù, ó ṣe àlùwàlá, ó sì kírun. Nígbà tó fi ṣe tán, Àlejò ti dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ màmá mi nínú ìdáná, màmá mi sì dúró bí òpó, kò lè lọ ro ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná. Ẹ̀kọ náà jóná. Gbogbo wa la jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni ológbò náà fi bá wa gbé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, títí tó fi dàgbà kú, Ìyá Bọ́lá gan-an sì ti ń tọ́jú orí ẹja dè é kí ó tó kú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kò tíì parí, nítorí bàbá mi ti kọ lẹ́tà náà kí yìnyín tó bọ́. Dórà ti dá a lóhùn: òun yóò wá ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa sún aago, yàrá mi sì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Bàbá mi fẹ́ kọ̀wé pé kó má wá mọ́. Màmá mi ni kò gbà. "Ẹ jẹ́ kó wá," ló wí. "Tí a bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ, báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá ó fẹ́ lọ?" Mo ti ń gbọ́ Yorùbá tó báyìí, mi ò nílò Sìdí mọ́. Mo ti ń bá Àlejò sọ̀rọ̀ tí mo bá gbé oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ kan mo sọ pé, "Rọra jẹ ẹ́," ṣíbí màmá mi sì dúró nínú ìkòkò. Síbẹ̀, mi ò tíì pè é ní nǹkan kan. Kàlẹ́ńdà ara ògiri, mi ò mọ ìgbà tí mo dẹ́kun àtimáa wò ó.

Dórà dé ní ọ̀sán. Èèyàn rere ni. Ó ra bisikíìtì wá, ó gbá mi mọ́ra, òórùn ọṣẹ rẹ̀ sì mú mi rántí yàrá mi létí òkun. Ó jẹ ìrẹsì màmá mi, omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí ata, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo sílẹ̀, ó bi mí níwájú gbogbo wọn bóyá mo fẹ́ bá òun lọ sílé. Bàbá mi ń wo bàtà rẹ̀. Sìdí ń wò mí. Ẹnu mi wúwo, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá mi dìde.

"Ilẹ̀ ń ṣú lọ. A kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ." Ó mú báàgì Dórà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Múfútáù, lọ sìn wọ́n dé bọ́sítọ́ọ̀pù."

"Òun nìkan?" ni bàbá mi wí.

"Òun nìkan."

Sìdí ti ń wá bàtà. "Jókòó," màmá mi sọ fún un.

A sọ̀kalẹ̀. Dórà di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ojú títì, ó ń sọ fún mi nípa òkun àti nípa yàrá mi. Bọ́ọ̀sì kò pẹ́. Ó gòkè, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀, èmi dúró nílẹ̀, òun dúró lórí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ bi wá pé ṣé ọmọ náà ń bọ̀ ni àbí kò bọ̀. Gbogbo èrò ń wò wá. Mo gbé báàgì náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, pé wọ́n ní kí n sìn ín débí ni, pé mo gbọ́dọ̀ padà lọ jíṣẹ́. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣí ọwọ́, ó fi ẹnu kò mí lórí, ó sì wọlé lọ jókòó létí fèrèsé. Mo dúró títí bọ́ọ̀sì náà fi kọ́nà.

Mo sáré. Mo gun àtẹ̀gùn náà ní méjì-méjì. Màmá mi dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú atẹ́gùn, kò wọ kóòtù, kò wé gèlè, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti lọ. Kò sáré pàdé mi. Ó dúró kí n mí, kí èémí mi balẹ̀.

"Ṣé wọ́n ríbi jókòó?"

"Wọ́n ríbi jókòó, Màámi."